Oró Inú Oúnjẹ Adìyẹ Màmá Onílé

Lọ́dún tí mò ń ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ara mi kì í balẹ̀ rárá. Yàrá àyẹ̀wò kan ní Yaba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Múṣín ni mo ń gbé. Ohun tí mò ń wá kò ṣeé fojú rí: oró tó máa ń wà nínú àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu. Adìyẹ tó bá ń jẹ ẹ́ lè má kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ èmi náà lára débi pé mo máa ń yẹ ẹ̀pà wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó jù ú sẹ́nu.

Màmá onílé wa ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin lẹ́yìnkùlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí, ó gbé ẹyin kan lé mi lọ́wọ́. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀ lọ.

"Ìwọ tó ò ń kàwé adìyẹ, kí ló ń ṣe wọ́n? Mẹ́ta ti kú lọ́sẹ̀ yìí."

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan nínú àpò oúnjẹ wọn, mo gbé e lọ sí Yaba. Nígbà tí èsì jáde, n kò tíì rí oró tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sáré fi han ọ̀gá mi. Ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Má tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni o," ó ní. "Àpò kan ṣoṣo lo yẹ̀ wò. O ò mọ ibi tí oró náà ti wọ ọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo délé, mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn tó wá ra ẹyin lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹnì kẹta kan ilẹ̀kùn, ara mi ò gbà á mọ́. Mo lọ bá Màmá.

"Màmá, oró wà nínú oúnjẹ àwọn adìyẹ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ẹyin yẹn mọ́."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ọmọ ìlú rẹ̀ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, ló ń lọ oúnjẹ náà fún un ní Pápá Àjàó. Ẹ̀gbọ́n ni èmi ń pè é.

"Ṣé ọmọ yẹn ló fi àgbàdo tó bu lọ oúnjẹ fún mi?"

Ó yẹ kí n sọ pé n kò mọ̀. Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ti wà ní Pápá Àjàó, èmi náà ń sáré tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun àgbàdo bo irun ojú Ẹ̀gbọ́n nídìí ẹ̀rọ. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn," ni Màmá ń pariwo, "èmi lo fẹ́ ta májèlé fún?" Oníbàárà méjì tó dúró níbẹ̀ wo ara wọn, wọ́n ká àpò wọn, wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n pa ẹ̀rọ. Kò bá Màmá jà. Ó bu oúnjẹ nínú àpò rẹ̀, ó dì í fún mi. "Àbúrò, gba eléyìí. Lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. N kò gbà, mo tún un ṣe. Bákan náà ni. Mo jáde, mo rìn la ọjà Tejuoso já láìra nǹkan kan, mo wọkọ̀ lọ sílé. Mo wọ yàrá tí Màmá ń kó oúnjẹ adìyẹ sí, mo gbé àpò tó wà nísàlẹ̀. Kò fẹ́ kúrò nílẹ̀. Omi ilé ìwẹ̀ àwọn ará ilé kejì ti ń gba inú ògiri wá, símẹ́ńtì ibẹ̀ tutù rinrin. Oúnjẹ ìdí àpò náà ti dì pọ̀, ó ti bu, ó funfun, ó sì ní àwọ̀ ewé.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún Màmá.

"Nínú ilé mi," ó ní. Lẹ́yìn náà: "Nígbà tí mo bi ọ́, kí ló dé tó ò sọ pé o ò mọ̀?"

Mo ní ká lọ bẹ Ẹ̀gbọ́n.

A jọ padà sí Pápá Àjàó. Bí Màmá ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n sáré gbá a mú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n gba èpè ni?" Ó dìrọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tó kọjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ta ló máa sọ ti ìkejì fún wọn?"

Èmi ni. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo lọ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́sìn adìyẹ kan sí òmíràn ní Múṣín, mò ń sọ pé èmi ni mo ṣì í sọ. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní kí n wọlé wá wo ibi tí òun náà ń kó oúnjẹ sí, ó sì dára tí mo wò ó: ilẹ̀ ibẹ̀ náà tutù.

Màmá ri gbogbo oúnjẹ tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún ògiri ṣe, ó sì gbé àpò tuntun lé orí pákó. Adìyẹ méjì tún kú kí ara ìyókù tó yá. Nínú àwọn oníbàárà méjì tó lọ lọ́jọ́ náà, ọ̀kan padà sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Mo lọ bá èkejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ti gbọ́ àlàyé mi, ó yé òun, ṣùgbọ́n òun ti rí ẹlòmíràn.