Ọ̀rọ̀ Tí Mi Ò Lè Sọ Nípa Ológbò Wa

Òórùn ìrẹsì Ọ̀fàdà tí ìyá mi rẹ sínú garawa ló máa ń jí wa nílé wa ní Ifọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́dún 1972 tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, igbe ológbò ló jí mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Baálẹ̀ là ń pè é, akọ ológbò ńlá kan tó ń ṣọ́ ìrẹsì ìyá mi lọ́wọ́ eku. Ó lọ sí ààtàn, ó lóṣòó, ó fún ara mọ́ra, ó ké, nǹkan kan ò jáde. Ó wọlé, kò tíì jókòó tán, ó tún sáré jáde. Èmi náà ń sáré tẹ̀lé e. Ó ń lá abẹ́ ara rẹ̀, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ bíńtín lórí eérú.

Orúkọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ fún kéèyàn máa fi ìrora tọ ẹ̀jẹ̀: àtọ̀sí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ̀ pé àìsàn oníṣekúṣe ni wọ́n kà á sí. Ọmọ tó bá dárúkọ ẹ̀ níwájú ìyá mi, ata ni yóò fi yọnu! "Ẹyin lohùn," ló máa ń wí, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Nígbà tó béèrè ohun tó ń ṣe ológbò, mo ní, "Kò rí ìgbẹ́ yà ni, Màámi." Ó ro epo pupa sí Baálẹ̀ lẹ́nu.

Mi ò gbọ́ ohun kan tí tíṣà sọ lọ́jọ́ yẹn. Ìdí mi ò gbé bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo fi délé, Baálẹ̀ ti ń bì, ikùn ẹ̀ le gbagidi, eku sì ń kọjá níwájú ẹ̀.

Dókítà ẹran kan máa ń wá wo adìyẹ ní oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyá mi gbé Baálẹ̀ sínú agbọ̀n, a lọ bá dókítà náà láàárín àwọn bàbá tó jókòó síbẹ̀. Ìyá mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́, dókítà sì ń wá oògùn ìyàgbẹ́. Ara mi ò gbà á mọ́.

"Irọ́ ni mo pa! Àtọ̀sí ló ń ṣe é!"

Àwọn bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi fọ́ mi létí níwájú gbogbo wọn. Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ikùn Baálẹ̀ wò.

"Ìyá, ẹ má nà án. Kì í ṣe àtọ̀sí, ojú ìtọ̀ ló dí. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Bí akọ ológbò ò bá rí ìtọ̀ tọ̀, kì í ju ọjọ́ méjì lọ tí yóò fi kú."

Ó gún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó ti rọ́bà tín-ínrín kan bọ ojú ìtọ̀ ẹ̀. Ìtọ̀ òun ẹ̀jẹ̀ tú sí ṣòkòtò dókítà. Inú mi dùn débi tí mo sunkún. Ó ní ká máa po omi ẹja mọ́ oúnjẹ Baálẹ̀, kó lè máa mu omi dáadáa, àti pé bó bá tún lóṣòó tí nǹkan ò jáde, ká má dúró dọ̀la. Lọ́nà ilé, ìyá mi ra mọ́sà fún mi.

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí, Mọ̀wé ni mò ń gbé. Oṣù mẹ́rin rèé tí ìtọ̀ mi ò ṣàn geere mọ́, tó kàn ń kán tó, tó, tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà obìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ béèrè pé, "Dádì, kí ló ń ṣe yín?" Ìyàwó mi jókòó tì mí. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ó kọ oògùn ẹ̀yìn fún mi, mo tún dúpẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn gba ìgbátí nítorí ológbò. Èmi tí kò sẹ́ni tó lè gbá létí mọ́, mi ò lè la ẹnu nítorí ara mi.