Ewé Kábéèjì Nínú Kọ́mú

Kò pẹ́ tí mo bí àkọ́bí mi tí ọmú mi fi wú, tó le bí òkúta. Bí ọmọ bá ti gbẹ́nu sí i, omi á lé ròrò sí mi lójú. Ìyá àgbà kan, ará Ireland, ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúláàtì wa ní Peckham, nílẹ̀ òyìnbó. Ó gbọ́ igbe mi, ó kanlẹ̀kùn, ó gbé kábéèjì tutù kan lé mi lọ́wọ́.

"Ohun tí ìyá mi máa ń lò ní abúlé wa nìyí," ó ní. "Ya ewé rẹ̀, fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó dẹ̀, kó o fi bo ọmú."

Òun náà ló ti ní kí ọkọ mi di iyọ̀ gbígbóná sínú ìbọ̀sẹ̀, kó fi wé ọrùn, nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún. Mo gbà á gbọ́, mo sì ṣe bó ṣe wí. Ara tù mí. Ohun tí kò sọ fún mi ni òórùn rẹ̀. Ooru ara mi se ewé náà nínú kọ́mú bí ìgbà tí èèyàn se ọbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni pásítọ̀ àtàwọn àgbà ìjọ wa wá láti Old Kent Road, wọ́n wá kí ọmọ. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí ìyá ọkọ mi, tó wá bá wa tọ́jú ọmọ, fi ń fa imú.

"Ta ló ń se kábéèjì?"

Ọkọ mi lọ wo kíṣìnnì, ó ní kò sí nǹkan lórí iná. Mo fa ìborùn bo àyà.

Bá a ṣe dìde fún àdúrà, ewé kan yọ́ gba abẹ́ búláòsì mi, ó bọ́ síwájú bàtà pásítọ̀.

"Ewé kí lèyí?" Ìyá ọkọ mi sún sẹ́yìn. "Ta ló fún ìwọ abiyamọ ní ewé tó o fi sáyà?"

Kí n tó lanu, ilẹ̀kùn dún. Aládùúgbò wa ni, ó gbé kábéèjì mìíràn dání. Etí rẹ̀ ti di díẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmú ńkọ́?" ó kígbe lójú gbogbo ọkùnrin tó wà ní pálọ̀. "Ṣó ti rọ̀?"

Pásítọ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ọkọ mi ń wá nǹkan tí kò sọnù lábẹ́ àga. Ìyá ọkọ mi ló fà mí wọ yàrá, wọ́n fọwọ́ tẹ ọmú náà wò.

"Háà, ó ti rọ̀ lóòótọ́." Wọ́n jáde lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Èmi ò padà sí pálọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ń mu ọmú, títí àwọn àlejò fi lọ. Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè wojú pásítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ní, "Ara ńkọ́?", ilẹ̀ ni mo máa ń wò dá wọn lóhùn.