Ẹ̀wù Tó Kúrò Nínú Àpótí

Ní ọdún kejì lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ìyá mi kò lè hun aṣọ mọ́. Á jókòó sídìí òfì láàárọ̀, á na ọwọ́ sí òwú, á tún fà á padà, á sì dìde. Oorun sá fún un. Oúnjẹ ò wù ú. Wàrà tó fẹ́ràn jù lè wà nínú àwo títí yóò fi kan. Ó ní àyà òun ń jó òun bí ẹni tó gbé ata mì.

Èmi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, obìnrin, mo sì ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ìlọrin nígbà náà. Mo mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan, ó fún un ní oògùn oorun. Bàbá mi ké sí Àfáà àdúgbò wa. Àfáà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ìyá mi sì mu hàntú náà fún ọjọ́ méje. Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún padà síbi tó wà.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá mi, wọṣẹ́ ṣójà nígbà ogun, kò sì padà wálé. Ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, a ò rí òkú. Bàbá mi ní kádàrá ni, ó ní kí a má pe orúkọ rẹ̀ mọ́, kí ọkàn ìyá wa lè balẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀.

Àsìkò yẹn ni nọ́ọ̀sì kan wá gba yàrá iwájú ilé wa. Ará Ọ̀mù-Àrán ni, onígbàgbọ́, á tó ẹni ogójì ọdún. Kò pé oṣù kan tí òun àti ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pọ̀. Bí ìyá mi bá ti kírun àsùbáà tán, tí ilẹ̀ mọ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo bi ìyá mi pé níbo ni wọ́n ń lọ. Ó ní, "A kàn ń na ẹsẹ̀ ni." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bó bá dé. Bí nọ́ọ̀sì bá po tíì fún un, màá dúró kó yíjú, màá gbọ́ òórùn rẹ̀, màá tọ́ ọ wò. Mo rò pé ó fẹ́ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí pé ó ń fún un ní oògùn tí a ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ṣí àpótí ẹ̀gbọ́n mi láti sá aṣọ ibẹ̀ sóòrùn. Ẹ̀wù rẹ̀ kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Nílé wa, tí aṣọ èèyàn bá pòórá, ibi ni ọkàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo sọ fún bàbá mi. Ó dá tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Tẹ̀lé wọn," ló wí. "Má jẹ́ kí wọ́n rí ọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀lé wọn dé ìtòsí odò Àsà. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi òrí kan. Ìyá mi fa ẹ̀wù náà yọ lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi ń sunkún, nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó pẹ́, ìyá mi ṣe àdúà, nọ́ọ̀sì sì ṣe àmín.

Mo jáde sí wọn. "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi ṣe?"

Ìyá mi ló dá mi lóhùn. "Èmi ni mo mú un. Ọmọ mi kú, ẹ ní kí n má pè é. Ta ni kí n wá sọ ọ́ fún?"

"Ìyá, ẹ ò sọ fún wa."

"Ẹ ò bi mí."

Mo yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Ṣé ẹ kì í gbàdúrà yín lé wọn lórí?"

"Inú yàrá mi ni mo ti ń gba tèmi fún wọn," ló wí. "Níbí, àmín ni mò ń ṣe sí tiwọn. Omi Àfáà dára, oògùn ọsibítù dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ráyè sunkún, ara rẹ̀ á máa wá ibi tí ẹkún náà máa gbà jáde."

Mi ò gbà á gbọ́ tán. Síbẹ̀, ohun tí mo rí ni mo sọ fún bàbá mi. A kírun àílà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ pe Àfáà wá, ó bi í bóyá a lè kírun sí òkú tí a ò fojú rí.

"Ó yẹ ká ti ṣe é tipẹ́," Àfáà dáhùn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, wọ́n kírun náà lójúde wa. Bàbá mi pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ìyá mi sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó hun aṣọ kan parí.

Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn. Mo bá a ru ẹrù dé gáréèjì. Mo ní, "Àǹtí, ẹ forí jì mí. Mo máa ń tọ́ tíì yín wò kí ìyá mi tó mu ún."

"Mo mọ̀," ó dáhùn. "Ká ní ìyá tèmi ni, èmi náà á tọ́ ọ wò."

Ìyá mi pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ le pátápátá. Lásìkò ọyẹ́, oorun lè tún dá lójú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí n tó wá dókítà tàbí Àfáà, màá kọ́kọ́ jókòó tì í, màá bi í pé kí ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà mìíràn á sọ. Nígbà mìíràn á ní kò sí nǹkan. N kì í gbà á gbọ́.