Ẹni Tó Kẹ́yìn Nídìí Abọ́ Omi

Lóṣù tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìlaròó, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé abọ́ omi ìfọwọ́ fún, nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù nínú àwa tó yí oúnjẹ náà ká. Omi náà mọ́ débi pé mo rí òdòdó tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ abọ́. Mi ò rántí pé mo rí ìsàlẹ̀ abọ́ ìfọwọ́ rí nígbà èwe mi.

Ní abúlé wa lẹ́bàá Ayétòrò, inú abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ti ń fọwọ́, ọjọ́ orí la sì ń tẹ̀ lé. Bàbá lá kọ́kọ́ fọwọ́ torí òun ni olórí ilé, lẹ́yìn náà Ìyá àgbà, ìyá wa, àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì, èmi, kó tó wá kan Ràṣídì, àbúrò mi tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà yẹn omi ti pọ́n bí ilẹ̀ oko wa. Ràṣídì fẹ́ràn rẹ̀. Á máa fi ọwọ́ gbá a bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan máa ń gun ọ̀kadà wá kó àwọn ìyá ọlọ́mọ jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní kí ọmọ tó kéré jù máa kọ́kọ́ fọwọ́, tàbí kí wọ́n máa da omi sí olúkúlùkù lọ́wọ́. Ìyá wa mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé.

Ìyá àgbà ní, "Kí n wá máa dúró de Ràṣídì kí n tó jẹun? Ó ku kí ẹ fi í jẹ lèmọ́mù."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá wa náà rẹ́rìn-ín. Abọ́ ń lọ bó ṣe ń lọ.

Lákòókò òjò ọdún yẹn, ìgbẹ́ gbuuru mú Ràṣídì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú.

Mi ò lè sọ pé omi abọ́ ló pa á. Odò kan náà la jọ ń mu, èmi tí mo sì ń fọwọ́ ṣáájú rẹ̀ ò ṣàìsàn. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, kò tẹ̀ síbì kan.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kẹjọ tí Ràṣídì kú, nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, Ìyá àgbà ò jẹ́ kí wọ́n gbé abọ́ jáde. Ó gbé bútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó kọjá lára Bàbá, ó dúró níwájú mi. Èmi ni mo ti wá kéré jù.

"Na ọwọ́ rẹ."

Ó ń da omi náà títí bútà fi gbẹ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ omi ti wà lábúlé wa báyìí. Ìyá àgbà ti kú, nọ́ọ̀sì ò wá mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí èèyàn bá ti pọ̀, abọ́ ṣì ń ti ọ̀dọ̀ àgbà lọ sọ́dọ̀ ọmọdé.

Ní Ìlaròó, mo ti abọ́ náà sọ́dọ̀ ọmọ tó jókòó kẹ́yìn.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ló kàn."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Nígbà tí abọ́ náà padà dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò rí òdòdó náà mọ́. Mo ti ọwọ́ mi bọ̀ ọ́.