Ìdì Méje fún Ẹni Mẹ́fà

Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n bí mo bá di fóònù mú. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí mo gbé dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Savalou, nílẹ̀ Benin, nìyẹn, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì tètè mọ̀. Bí a bá ti jáde, wọn á tò sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì akọ̀wé, wọn á fi ọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn, ọ̀kan á sì na fóònù rẹ̀ sí mi. "Fọ́tò, wá yà wá." Fọ́tò ni wọ́n ń pè mí. Mi ò rò pé ẹni méjì nínú wọn mọ orúkọ tí wọ́n sọ mí nílé.

Ẹni mẹ́fà ni wọ́n, obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin méjì. Savalou ni wọ́n bí gbogbo wọn sí, èdè Màhì ni wọ́n sì ń bá ara wọn sọ. Bí olùkọ́ bá wà níbẹ̀, Faransé ni; bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Màhì ni. Mo gbọ́ Faransé dáadáa, ọmọ olùkọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í dúró de Faransé. Wọn á ti rẹ́rìn-ín tán kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n túmọ̀ fún mi, bí wọ́n bá sì túmọ̀ rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà kì í pa èèyàn lẹ́rìn-ín mọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ṣá. Wọn ò burú o, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ò bú mi, ẹnikẹ́ni ò lé mi. Wọ́n kàn wà lọ́dọ̀ ara wọn ni, èmi sì wà lẹ́yìn fóònù.

Bí mo bá fi fóònù tiwọn yà wọ́n tán, mo máa ń fi tèmi ya ọ̀kan. Màá délé, yàrá kan ṣoṣo tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, màá gbé fọ́tò náà sí sítátù mi, níbi tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà mi ti lè rí i fún odidi ọjọ́ kan. Màá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àwa rèé lónìí!" Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá, mo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wá fi omi sí gaàrí, màá gbé fóònù ti ife, màá sì máa jẹun níwájú rẹ̀, tí mò ń wo iye ẹni tó ti rí fọ́tò náà. Ìgbà mìíràn, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ju gbólóhùn márùn-ún lọ. Àdáwà ń pa mí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Ẹni tí mo ń fi í pa mọ́ fún gan-an ni ìyá ìyá mi. Lọ́dọ̀ wa, ní ẹ̀gbẹ́ Agoua, ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé ìjọ Kátólíìkì, ìyá àgbà sì ń gbé inú ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé náà. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, gbogbo èèyàn ń béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́. Òun nìkan ló béèrè pé: "Ta ni yóò máa bá ọ jẹun níbẹ̀?" Nínú ọgbà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í dá jẹun. Ẹni tí inú ń bí pàápàá, wọn á fa abọ́ sún mọ́ ọn kó máa bínú jẹ ẹ́. Mo dá a lóhùn pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Ìyá àgbà ò ní fóònù, nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ti Mísà dé, ìyá mi á gbé tirẹ̀ lọ bá a, á ṣí àwọn fọ́tò mi tó ti tọ́jú sínú rẹ̀ hàn án. "Ìyá ní kí n máa fẹ̀ ẹ́ kí ojú òun lè tó o," báyìí ni ìyá mi ṣe ń ròyìn fún mi. Inú mi dùn pé wọ́n gbà mí gbọ́.

Ohun tí mo gbàgbé ni àṣà ilé wa. Bí ẹnìkan bá ń bá ọmọ rẹ jẹun nílùú tí kì í ṣe tiyín, o gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ ránṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọ lóhùn. Àgbàlagbà kì í gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí àfi tó bá gbọ́ ohùn ẹni náà. Mo mọ èyí láti kékeré. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé fọ́tò lè fa irú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, awakọ̀ takisí tó ti Bantè, ìlú tó sún mọ́ tiwa, wá pè mí pé ẹrù mi wà lọ́wọ́ òun ní gáréèjì. Àpò kan ni. Nígbà tí mo tú u nílé, ìdì méje ló wà nínú rẹ̀: gaàrí, kúlíkúlí, àti kóró kajú tí ìyá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan, tí òórùn èéfín rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Àlòkù aṣọ rẹ̀ ló fi di gbogbo wọn. Mẹ́fà jẹ́ aṣọ kan náà. Ìkeje jẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé tó ró lọ́jọ́ tó sìn mí dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyá mi pè: "Ti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ni o. Ìyá ní tí wọ́n bá ti gbà á, kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀."

Mo tún un kà. Méje. Ẹni mẹ́fà ló sì wà nínú fọ́tò. Mo ní ogbó ti dé, ìyá ti ń ṣì í kà.

Àpò náà wà ní ìdí bẹ́ẹ̀dì mi di ọjọ́ Ìsinmi. Mo rò ó pé kí n jẹ gbogbo rẹ̀ kí n sì sọ pé wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ò lè dípò tiwọn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìyá mi béèrè. Ní Sátidé, ó tún béèrè. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ gba fóònù. "Ọmọ mi, ṣé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tó gbé oúnjẹ fún àlejò tí àlejò ò sì fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí dé egungun. Lẹ́yìn náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi: sí i, sí gaàrí, sí igi máńgòrò.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé àpò náà lọ sílé-ìwé. Wọ́n pè mí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, mo yà wọ́n, mo dá fóònù wọn padà, mo wá gbé àpò kalẹ̀. Mo ní, "Ìyá ìyá mi ló fi èyí ránṣẹ́ sí yín."

Ọ̀kan béèrè pé èló ni mò ń tà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ní, "Sí àwa? Ṣé ó mọ̀ wá ni?"

Mo ní, "Ó rí yín nínú fọ́tò. Ó rò pé ẹ máa ń bá mi jẹun."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo ilẹ̀. Níkẹyìn, èyí tó ga jù nínú àwọn obìnrin mú ìdì kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní bí ìyá àgbà tòun náà ṣe ń di ẹrù nìyẹn. Àwọn yòókù bá mú tiwọn. Mo ní ìyá fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, mo na fóònù sí wọn lẹ́nu láti gbà á sílẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ní Màhì, àwọn kan ní Faransé. Ọkùnrin tó béèrè bóyá ìyá mọ̀ wọ́n ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lédè wa. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá," ó dún bí ẹni pé gaàrí ti kún ẹnu rẹ̀, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ní láti túmọ̀ fún mi lọ́dún yẹn.

Ó wù mí kí n sọ pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fún mi láyè láàárín wọn. Rárá o. Ní ọjọ́ kejì, "Fọ́tò, wá yà wá" ni.

Ó wá ku ìdì kan. Lójú ọ̀nà ilé mi, ìyá kan wà tó ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò, tó sì tún ń ta owó ìpè orí fóònù. Láti Nàìjíríà lòun àti ọkọ rẹ̀ ti wá tipẹ́tipẹ́. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ ara wa yé. Mo gbé ìdì aláwọ̀ ewé náà fún un. "Ẹ gbà, Ìyá. Ó ṣẹ́kù ni."

Ó wo ìdì náà, ó wò mí. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn epo lè kúrò, ó gbé abọ́, omi àti ṣíbí méjì wá. "Jókòó. Ta ló ń gbé gaàrí fún èèyàn kó máa dá a jẹ?" Mo jókòó sórí àpótí ìgò. Oníbàárà ń dé, ó ń dìde lọ rọ epo fún wọn, ó ń padà wá, ó sì ń ti kúlíkúlí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi nínú abọ́. Kò bi mí ní nǹkan kan. A jẹ ẹ́ tán.

Mo fi ohùn àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ sílé. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà gba fóònù. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹnu ọkùnrin tó sọ èdè wa yẹn wúwo, ṣùgbọ́n ó mọ ìwà hù. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ohùn mẹ́fà ni mo gbọ́."

"Mẹ́fà ni wọ́n, Ìyá. Ẹ ṣì í kà ni, ìdì méje lẹ dì."

"Mi ò ṣì í kà." Ó ní, "Láti ìgbà tí o ti lọ, gbogbo fọ́tò tí ìyá rẹ ń fi hàn mí, ojú rẹ ni mo ń wá nínú ẹ̀. Mi ò rí i rí. Mo bi ìyá rẹ, ó ní ẹni tó ń ya fọ́tò kì í sí nínú ẹ̀. Mo wá ní, ẹni yẹn ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ń bá a jẹun? Tirẹ̀ ni ìkeje. Ṣé ó jẹ ẹ́?"

Mò ń gbọ́ àwọn adìyẹ inú ọgbà lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti mọ́ mi lára. Mo gbé e mì.

"Mo jẹ ẹ́, Ìyá."

"Ìwọ nìkan?"

Ẹkún ti gbọ̀n mí. Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ìyá kan tó ń ta epo lójú ọ̀nà wa ló bá mi jẹ ẹ́."

"Gbé fóònù lọ fún un," ni ìyá àgbà wí. "Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo wọ sálúbàtà, mo nu ojú mi, mo gbé fóònù náà jáde lọ bá ìyá elépo.