Afẹ́fẹ́ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Òbí Ẹ̀

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni olóògbé Alátùpà nígbà tó gbé àtùpà títàn wọ ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọmọ lọ́sàn-án gangan, tó gbé e ka tábìlì akọ̀wé. Akọ̀wé ní kí ni tàtùpà, ṣebí iná mànàmáná ń tàn. Alátùpà ní iná mànàmáná kò bímọ.

Àtùpà tí wọ́n ń pọ́ǹpù ló ń tún ṣe láti kékeré. Alágídí ni. Á bá oníbàárà jiyàn títí onítọ̀hún á fi gbà pé àtùpà òun kò bàjẹ́ rárá.

Olùkọ́ kan tó gbé àtùpà wá ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní aṣọ funfun kékeré tó ń tàn nínú àtùpà àtijọ́, omi tóríọ́mù, irú irin kan, ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Bí tóríọ́mù bá ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀, a máa bí afẹ́fẹ́ kan. Ojú kì í rí i. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ìdajì ẹ̀ ti lọ. Síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ ní tóróónù, kó lè jẹ́ orúkọ òbí ẹ̀.

 Alátùpà gbé àtùpà olùkọ́ fún un láì tún un ṣe.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí láyé ẹ̀. Obìnrin. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi mí. Akọ̀wé ìgbà yẹn ní àwọn kì í kọ irú ẹ̀ sínú ìwé.

Akọ̀wé tó gbé àtùpà síwájú ẹ̀ yìí ní kò sáyè nínú ìwé. Alátùpà ní kó kọ ọ́ sí etí ìwé. Akọ̀wé ní etí ìwé kì í ṣe àyè. Alátùpà ní kó kọ ọ́ kékeré, ọmọ náà kò tóbi.

“Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí n kọ gan-an?”

“Ọmọ Alátùpà. Afẹ́fẹ́ tí kò lo ìṣẹ́jú kan ń jẹ́ orúkọ òbí ẹ̀. Tèmi lo mẹ́rin.”

Ọdún méjì ló fi ń lọ, gbogbo ọjọ́ Ajé. Nígbà tó sú akọ̀wé, ó lọ gbé ìwé ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà jáde. Ikán ti jẹ ẹ́. Eruku ló gbọ̀n sórí tábìlì.

“Ṣé gbogbo wọn ni ikán jẹ?”

“Gbogbo wọn ni, Bàbá. Ẹ má bínú.”

“Wọ́n ti wá dọ́gba nìyẹn.”

Ó fi àtùpà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti kú báyìí, akọ̀wé kò sì tíì gbé e kúrò lórí tábìlì. Tí wọ́n bá bi í pé kí nìyẹn, á ní Ọmọ Alátùpà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Alátùpà rí eruku ìwé yẹn, ó sorí kọ́ jẹ ẹ̀wà. Ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ìyàwó ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ òun ló wúwo. Obìnrin náà kò fi iyọ̀ sí i rárá.