Ọjọ́ Tí Akàn Kò Rí Ọkọ Mi Dì Mú

Òórùn akàn tí wọ́n ń bọ̀ ló máa ń mú mi rántí Bàbá Ṣéfíù, ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ aránṣọ ni, kì í ṣe apẹja. Inú ilé wa ní àdúgbò Akpakpa ló ti ń ránṣọ, èmi sì ń ta akàn tí mò ń rà láàyè lọ́wọ́ Sènámì tó ń kó wọn wá sí etíkun Fidjrossè. Ọkùnrin tó ń ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń fi ètè di méjì mẹ́ta mú bí ẹni ń jẹ orógbó, òun náà ni abẹ́rẹ́ dókítà ń lé sábẹ́ ibùsùn.

Nǹkan wú sí abẹ́ ikùn rẹ̀ nígbà náà, ó tó ọsàn. Dókítà ní kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ìfun má baà há síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí mo bá ti dárúkọ ilé ìwòsàn, á ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Ìyá Ṣéfíù. Èmi náà ń fojú ṣọ́ ikùn mi." Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ jókòó tì mí nígbà ìṣínu.

Múlíkátù, ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì, máa ń wá gba akàn lọ sí lábò tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò. Bàbá Ṣéfíù a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Gbogbo ìwé tí bàbá ẹ rà, akàn lo wá ń kà?" Ọmọ náà ṣàlàyé pé ohun kan wà nínú omi ara akàn tó dà bí ọwọ́, tó ń wá ṣúgà kiri. Oríṣiríṣi ṣúgà sì wà lára ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí ojú lásán ò lè rí. Bí ọwọ́ yẹn bá bá èyí tó mọ̀ pàdé, á dì í mú, ẹ̀jẹ̀ á sì ṣù jọ. Ó ní àwọn onímọ̀ ń wò ó bóyá yóò lè bá wọn dá àrùn mọ̀ lára ènìyàn lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n wọn ò tíì débẹ̀.

Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, ṣúgà nìkan ni mo gbọ́. Látìgbà tí ọkọ mi ti ń fẹ́ mi sọ́nà ló ti ń pe ara rẹ̀ ní Aládùn. Àwọn àgbà sì ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Mo fa Múlíkátù sí kọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé omi akàn tí wọ́n ti sẹ́ wá, pẹ̀lú gíláàsì pẹlẹbẹ àti àwọn abẹ́rẹ́ tuntun nínú ọ̀rá. Mo na ìka. Ó fi abẹ́rẹ́ gún un, ó kán ẹ̀jẹ̀ mi sí omi náà lórí gíláàsì, ó ń mì í jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tó fi ṣù jọ bíi wàrà tó kan.

"Yéè! Akàn ti mọ̀ mí ládùn!" ni mo pariwo.

Bàbá Ṣéfíù fi aṣọ sílẹ̀. "Akàn tó mú tìẹ ni ò ní mú tèmi? Ọmọ, gbà!" Ó na ìka, ó dijú, ó ń ka Fátíhà. Nígbà tó lajú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn geere lórí gíláàsì.

"Irọ́ ni! Akàn yẹn ti gbó. Gba ìka kejì!"

Ìka kejì náà ṣàn geere. Ó na àtàǹpàkò.

Múlíkátù ní, "Bàbá, kì í ṣe pé ẹ ò dùn o. Ṣúgà tó wà lára ẹ̀jẹ̀ yín ni akàn yìí ò mọ̀."

Mo mí kanlẹ̀. "Áà, ṣúgà tákàn ò mọ̀! Ilé ìwòsàn nìkan ló lè dá a mọ̀ o."

Kí n tó jí lọ́jọ́ Ajé, ó ti gun alùpùpù zémì lọ fi ẹjọ́ akàn sùn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. A tún lo ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò jẹ akàn mọ́. Ó ní òun kì í jẹ ohun tí kò mọyì òun.

Ọyẹ́ tó kọjá ló kú. Mo ṣì ń ta akàn. Bí ọ̀kan bá fi ọwọ́ gbá mi níka mú, n kì í yára já a. Mo máa ń sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ni kò rí ọkọ mi dì mú. Èmi náà fi ọwọ́ méjèèjì di Aládùn mú lórí ibùsùn yẹn, ó ṣàn geere lọ.